Koríko Kúbúrá

Nọ̀fẹ́ḿbà 9

Kúbúrá ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní nígbàkúùgbà tí òun bá bi mí ohun tí mo ṣe sí koríko òun, irọ́ ni mo fi ń dá òun lóhùn. Bí mo bá ń kọ ọ́, tí mo sì ń kà á sí òun létí ní ìrọ̀lẹ́, òun á gbọ́ ibi tí irọ́ ti wọ inú ohùn mi. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà péré ní Ìsẹ́yìn, tí mo sì fi gbogbo agbára mi fọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì nílùú yìí. Mo ní àṣé ìyàwó mi fẹ́ sọ mí di akọ̀wé kí n tó kú. Ó ní kí n kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Mo ti kọ ọ́.

Iṣẹ́ òní: mo kó ewé kúrò lórí koríko. Igi Agnes ló ni ewé náà. Agnes ni òyìnbó arúgbó tí ọgbà pákó pààlà sáàárín àwa àti òun. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni igi náà ń gbé, ọ̀dọ̀ wa ló ń yàgbẹ́ sí. Kúbúrá ní bí ewé bá pẹ́ lórí koríko tuntun, á jẹrà mọ́ ọn lórí, koríko á sì kú. Àpò dúdú mẹ́rin ni mo kó. Òjò kò rọ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń gbá etí.

Nọ̀fẹ́ḿbà 10

Ó ní mo mọ ìwé kà ju bí òun ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n àpò méjì ni, kì í ṣe mẹ́rin. Ó ń wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Nọ̀fẹ́ḿbà 14

Dókítà wá sílé. Ó ní jẹjẹrẹ náà ti dé ẹ̀dọ̀, oògùn kò ràn án mọ́, kí a jẹ́ kí Kúbúrá sinmi nílé, pé àwọn á máa fún un ní èyí tí kò ní jẹ́ kí ara ro ó. Sherifat, ọmọ wa obìnrin, béèrè ìgbà tó kù. Dókítà wo ilẹ̀, ó ní kí a gbìyànjú láti gbádùn Kérésìmesì wa dáadáa. Mo ní Mùsùlùmí ni wá. Kò rẹ́rìn-ín. Sherifat ní, "Daddy, please."

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, Kúbúrá ní kí n gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè. Bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni, ó ní bọ́tìnì. Wọ́n gbé e sí pálọ̀ ẹ̀yìn níwájú ilẹ̀kùn gíláàsì kó lè máa rí ìta. Ó wo koríko rẹ̀ títí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbìn ín ní Sẹ̀tẹ́ḿbà, lẹ́yìn tí wọ́n wa ẹ̀yìnkùlé láti tún páìpù ṣe, tí ilẹ̀ náà rí bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà tó ń fọ́n irúgbìn, mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mò ń bi í pé ta ló yí ojú kìbíláà padà sí ilé Agnes. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló ṣubú lulẹ̀ ní kíṣìnnì.

"Bàbá Tàjù, mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ koríko yẹn lọ́jọ́ Ìtunu Ààwẹ̀."

"Ìtunu Ààwẹ̀ di Máàṣì."

"Mo mọ̀ ọ́n kà. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ dé Máàṣì. Èmi náà á máa tọ́jú ara mi bọ̀."

"Ta ló máa kọ́kọ́ yẹ àdéhùn nínú àwa méjèèjì?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ ò pa àdéhùn kan mọ́ rí."

Mo ní kó dárúkọ ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ń kà á lọ títí oorun fi gbé e lọ.

Nọ̀fẹ́ḿbà 22

Yaqub wá kí i. Ọ̀rẹ́ mi ni láti mọ́ṣáláṣí, ọmọ Ìwó. Kò purọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ìdí nìyẹn tí kò fi ní ìtàn kankan láti sọ.

Ó dúró lẹ́nu gíláàsì, ó mi orí. "Làtíìfù, koríko rèé lẹ́yìn ilé rẹ. Nílé wa, ilé tí olóhun bá ti kú ni koríko ń hù sí."

Mo ní, "Ohun tí mo ń sọ fún un látijọ́ nìyẹn. Ó fẹ́ pa mí ni. Ó ti gbin èyí tó máa bò mí mọ́lẹ̀ sílẹ̀."

Kúbúrá dá wa lóhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Ilẹ̀ pupa tí ẹ gbá mọ́ fínnífínní n'Ísẹ́yìn ńkọ́? Ṣé ó mú yín dúró?"

Yaqub mu tíì rẹ̀.

Ara mi ni mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ni koríko náà ń dúró dè. Ibí yìí mi ò ní kà fún un.

Nọ̀fẹ́ḿbà 30

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti wa ihò sí igun koríko. Ó tún tọ̀ sí àárín, ibẹ̀ pọ́n bí ẹni tẹ́ ẹyin dídín sílẹ̀. Kúbúrá ní kí n wá nǹkan ṣe.

Mo lọ sí ọjà Rye Lane, mo ra ata gígún, ike ńlá kan, pọ́n-ùn mẹ́ta àbọ̀. Ìyá tó tà á bi mí pé kí ni mo fẹ́ sè. Mo ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ó wò mí títí, ó fún mi ní ṣéńjì, kò sọ pé kí n padà wá.

Mo fọ́n ata náà ká gbogbo etí koríko.

Dìsẹ́ḿbà 1

Atẹ́gùn jà láàárọ̀, ó gbé ata náà kọjá ọgbà. Agnes nìkan ni ẹ̀dá tí mo mọ̀ tó ń sá aṣọ síta nínú oṣù yìí. Aṣọ ìbora rẹ̀ ló sá. Ó fi nu ojú.

Ó wá kanlẹ̀kùn, ojú rẹ̀ pọ́n bí ti ọ̀mùtí, ó ní ṣé mo ń sun nǹkan ni. Mo ṣàlàyé. Kúbúrá gbọ́ láti pálọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á, ó ń na ọwọ́ pé kí n má dá a dúró. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Agnes jókòó tì í, àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ koríko bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ. Nígbà tó ń lọ, ó fà mí sí ẹnu ọ̀nà, ó ní ohun tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń bẹ̀rù ni ìtọ̀ ọkùnrin, kí n máa dà á sí etí ọgbà. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo ní ṣé ó máa wá wò ó ni, kó lè mọ̀ pé mi ò purọ́. Ó fi àpamọ́wọ́ rẹ̀ gbá mi.

Ibí yìí náà mi ò ní kà.

Dìsẹ́ḿbà 12

Òjò láti ọjọ́ mélòó kan. Omi dúró lórí koríko, kò wọlẹ̀. Agnes yá mi ní fọ́ọ̀kì ilẹ̀ àti pákó gígùn kan, pé orí pákó ni kí n dúró sí, kí ẹsẹ̀ mi má bàa ki ilẹ̀, kí n wá máa fi fọ́ọ̀kì gún un káàkiri kí omi lè ráyè wọlé. Mo gún un. Orúnkún mi ń pariwo ju ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí lọ. Omi náà lọ nígbà tó di ìrọ̀lẹ́.

Kúbúrá mu ògì díẹ̀.

Dìsẹ́ḿbà 18

Olúwatóbilọ́ba ni orúkọ ọmọbìnrin tó ń wá wẹ Kúbúrá láàárọ̀. Tóbi là ń pè é. Kennington ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ dà bí ti ẹni tó gbé iyán gbígbóná sẹ́nu.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Mummy ńkọ́?"

Mo ní, "Mummy ti lọ sáré ní pápá Peckham Rye."

Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wò mí. "Baba, ẹ ò serious."

Kúbúrá ní kó má dá mi lóhùn, pé àìsàn tèmi ló le jù nílé yìí.

Nígbà tí Tóbi ń yí i padà ni mo rí ẹ̀yìn rẹ̀, egungun nìkan ló kù. Mo jáde lọ wo koríko.

Dìsẹ́ḿbà 25

A gbádùn Kérésìmesì wa. Ṣíbí ògì méjì, ó bì wọ́n.

Jánúárì 5

Ìrì dì mọ́ koríko. Nígbà tí mo ṣí kọ́tìnnì lẹ́yìn Àsùbáà, gbogbo ẹ̀yìnkùlé funfun bí ẹni ku láfún sí i. Kúbúrá lajú.

"Bàbá Tàjù, koríko mi dà?"

Mo ní ó wà lábẹ́ aṣọ.

"Ṣé ó ti kú ni?"

Oògùn ara ríro ti ń da ọkàn rẹ̀ rú láàárọ̀. Mo rí i pé omi ti ń kún ojú rẹ̀. Mo mú ìgbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ ọwọ̀ gidi ni, èyí tí Sherifat fi máa ń rín wa. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, mo gbá ẹ̀yìnkùlé láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ọgbà. Ilẹ̀ kì í mọ́ kí á má gbálẹ̀. Ìrì náà ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ewé tútù ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Mo wo inú gíláàsì. Kúbúrá ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ sókè sí mi.

Ẹ̀yìn ń dùn mí, ṣùgbọ́n oúnjẹ àárọ̀ yìí, mo jẹ ẹ́ tán.

Jánúárì 7

Ibi tí mo gbá ti dúdú. Ibi tí mo tẹ̀ ló burú jù, àtẹ́lẹsẹ̀ mi hàn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ọgbà, bí ti ẹni tó jáde lọ tí kò padà.

Agnes yọ orí lókè ọgbà. "Latif, kí lo fi ṣe é?"

Mo fi ìgbálẹ̀ hàn án. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní koríko tí ìrì bá dì mọ́ lára dà bí gíláàsì, bí nǹkan bá ti kàn án, á dá nínú. Ó ní ìtọ́jú rẹ̀ nígbà òtútù kò ju pé kí èèyàn fi í sílẹ̀ lọ: kó má tẹ̀ ẹ́, kó má gé e, kó kàn máa wò ó.

Mo ní ìtọ́jú wo nìyẹn. Níbi tí wọ́n ti bí mi, ẹni tó bá dúró tó ń wo nǹkan, ọ̀lẹ là ń pè é.

Mo wọlé, mo fa kọ́tìnnì dé ìdajì. Mo ní oòrùn ń mú Kúbúrá lójú.

"Oòrùn wo? Nínú Jánúárì?"

Ó ní kí n ṣí i. Mo ṣí i. Ó wò ó pẹ́. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, mo tiẹ̀ ti ní èsì lẹ́nu. Kò bú mi. Ó ní, "Ẹ fẹ́ kí n rí i ni," ó sì pa ojú dé.

Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Jánúárì 16

Nọ́ọ̀sì ní kí n má fi ṣíbí mú un jẹun nípá mọ́. Ó ní bí ara rẹ̀ bá fẹ́ oúnjẹ, á sọ. Mo ní kí ni kí n wá máa ṣe? Ó ní kí n jókòó tì í, kí n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Òun àti Agnes, ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n lọ.

Jánúárì 17

Mo jókòó tì í.

Jánúárì 28

Mo kàwé yìí fún un ní ìrọ̀lẹ́. Ó sùn lọ kí n tó dé ibi ata. Mo ka ibi ata náà síbẹ̀.

Fẹ́búárì 6

Agnes ní kí n wá fi ojú sílẹ̀ dáadáa. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí pákó. Nínú àtẹ́lẹsẹ̀ mi dúdú wọ̀nyẹn, àwọn kan ti ń yọ ewé, ó tín-ín-rín bí irun imú Yaqub. Àwọn mìíràn ṣófo síbẹ̀. Mo fọ́n irúgbìn sí i, Agnes ní ilẹ̀ ṣì tutù jù, pé ẹyẹlé ni mo ń bọ́. Òótọ́ ló sọ.

Mo sọ fún Kúbúrá pé ó ti ń hù padà. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀?" Mo ní gbogbo ẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni irọ́ ti wọ ohùn mi.

Fẹ́búárì 18

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún náà la tún ṣe é: àwọn kan ní òní, àwọn kan ní ọ̀la. Mọ́ṣáláṣí kan gba ìròyìn láti Mẹ́kà, òmíràn ní àfi kí ojú rí oṣù. Yaqub gun òkè Nunhead lọ lánàá láti wo oṣù nínú ìkúukùu, pẹ̀lú àyà rẹ̀ tí kò dáa tẹ́lẹ̀. Ikọ́ ló rí. Ó ní òun kò lè sọ pé òun rí ohun tí òun kò rí, bí gbogbo Peckham tiẹ̀ ń jẹun tàbí wọn ò jẹ.

Kúbúrá kò lè gbààwẹ̀. Ó sunkún. Mo ní Ọlọ́run ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ó ní òun mọ̀, kì í ṣe ti Ọlọ́run ni òun ń sunkún sí, àárò sààrì ló ń sọ òun, ariwo ìkòkò, èmi tí mò ń kùn pé iyọ̀ pọ̀.

Mo dá sààrì jẹ. Iyọ̀ kò pọ̀.

Fẹ́búárì 24

Nọ́ọ̀sì ní kí Tàjùdéèn, ọmọ wa ọkùnrin tó wà ní Catford, má fi dìgbà tó bá ráyè. Ohun tó sọ nìyẹn, mo sì gbọ́ ohun tó sọ. Sherifat ti kó ẹrù rẹ̀ wá sí yàrá òkè.

Koríko náà wà dáadáa. Òjò yìí bá a lára mu, ó ti tutù yọ̀yọ̀. Ó máa dé Máàṣì. Mo dúró lẹ́nu gíláàsì, mò ń wò ó, inú sì ń bí mi sí i.

Fẹ́búárì 27

Òjò wìnnìwìnnì láàárọ̀, ó dá lẹ́yìn Àílà. Yaqub wá láti mọ́ṣáláṣí, ó ń ka Yàsíìnì fún Kúbúrá. Bó ti ń kà á lọ́wọ́ ni Kúbúrá lajú. Ojú náà mọ́ kedere, bíi ti àtijọ́.

"Bàbá Tàjù, ó ku mélòó kí ọdún dé?"

"Kò jìnnà mọ́."

"Ó jìnnà. Mi ò ní dé ibẹ̀."

Yaqub pa Kùránì dé. Mo wo ìta. Mo wo koríko tí mo ti fi gbogbo òtútù yìí lé gbogbo ẹ̀dá kúrò lórí ẹ̀, ẹyẹ, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, títí kan ẹsẹ̀ ara mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́.

"Ọdún ti dé. Wọ́n ti rí oṣù."

"Ta ló rí i?"

"Èmi ni. Lánàá, lókè ilé Agnes."

"Nínú ìkúukùu yẹn?"

"Ó là díẹ̀."

Ó yí ojú sí Yaqub. Ó mọ ẹni tó yẹ kó bi. "Ààfáà, ṣé ẹ̀yin náà rí i?"

Yaqub jókòó, Kùránì lórí itan rẹ̀. Mo rò pé ó máa dìde lọ sílé.

Ó ní, "Ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an ni. Ṣùgbọ́n mo rí i."

Kúbúrá tún wò mí. "Tó bá jẹ́ ọdún lóòótọ́, ẹ jẹun."

Dàbínù wà lórí tábìlì fún ìṣínu. Mo mú ọ̀kan, mo jẹ ẹ́ lójú rẹ̀, ọ̀sán gangan, mo sì fi kóró rẹ̀ hàn án. Yaqub kọjú sí ògiri. Ààwẹ̀ ọjọ́ kan ni mo jẹ, mà á san án padà.

Kúbúrá ní, "Ẹ kú ọdún, Bàbá Tàjù. Ẹ kú irọ́ pẹ̀lú."

Mo ní kí a gbé e lọ sórí koríko. Sherifat ló kọ̀. "Daddy, ìta ti tutù jù. Tí cold bá mú Mummy ńkọ́?"

Kúbúrá ní, "Kí òtútù lọ tò sẹ́yìn. Àwọn kan ti wà lórí ìlà níwájú ẹ̀."

Sherifat rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó lọ kó bùláńkẹ́ẹ̀tì wá.

A gbé e sórí àga onítáyà. Mo ti sáré tẹ́ pákó Agnes sórí koríko kí táyà má bàa wa ilẹ̀. Ó wò ó.

"Kí nìyẹn?"

"Pákó ni. Nítorí koríko."

"Ṣé pákó ni mo gbìn?"

Mo kó pákó kúrò. Yaqub mú ẹ̀gbẹ́ kan, mo mú ẹ̀gbẹ́ kan, a tì í jáde. Ilẹ̀ rọ̀, táyà rì, ó wa ipa méjì láti ẹnu ilẹ̀kùn dé àárín. Mò ń gbọ́ bí gbòǹgbò ṣe ń já lábẹ́ rẹ̀. A tì í síwájú. Agnes yọ lókè ọgbà, ó la ẹnu láti bá mi wí, ó rí ẹni tó wà lórí àga, ó pa ẹnu dé.

Mo bọ́ sọ́ọ̀sì rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, awọ rẹ̀ ń dán. Mo gbé ọ̀tún, mo gbé òsì, mo fi wọ́n lélẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, ó di koríko mú bí ọmọ tuntun ṣe ń di ìka èèyàn mú.

"Ó tutù bí ẹsẹ̀ yín lórí bẹ́ẹ̀dì."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n òun kì í hanrun."

"Ìdí tí mo fi gbìn ín nìyẹn."

A wà níbẹ̀ títí ètè rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀. Ó ní ó tó. Sherifat nu ẹsẹ̀ rẹ̀, Kúbúrá ní kó má nu ìka, kó fi ewé tó há síbẹ̀ sílẹ̀.

Máàṣì 3

Kúbúrá kú láàárọ̀ yìí. Sherifat ń fi òwú tútù nu ètè rẹ̀, èmi ń wá gíláàsì ojú mi. Ìnnà lílláhì.

Máàṣì 5

A sin ín lẹ́yìn Àílà. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n bọ́ sísàlẹ̀, Tàjùdéèn ló bọ́ síbẹ̀. Mo bu iyẹ̀pẹ̀. Amọ̀ ni, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mo ní láti gbọn ọwọ́ kó tó já bọ́.

Èrò kún ilé ju pálọ̀ lọ, wọ́n dúró káàkiri orí koríko pẹ̀lú bàtà. Sherifat fẹ́ lọ lé wọn. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀.

Máàṣì 9

Wọ́n wá gbé bẹ́ẹ̀dì. Ojú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà wà lára kápẹ́ẹ̀tì, ó jìn.

Tóbi yà wá kí mi lẹ́yìn iṣẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Baba, ẹ kú ìrọ́jú." Mo ní kó dìde, pé bí orúnkún rẹ̀ bá ha síbẹ̀, èmi ò ní agbára láti fà á. Tẹ́lẹ̀, á ní ẹ ò serious. Ó kàn di ọwọ́ mi mú, ó ní, "It's okay, Baba."

Bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn báyìí. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, wọ́n á fi ojú àánú wò mí.

Máàṣì 14

Tàjùdéèn wá. Ó rí ẹrẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé, ipa táyà, ojú bàtà. Ó mú nǹkan kan yọ nínú àpò, ó fi lé mi lọ́wọ́. Koríko oníke ni, ó tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, ó rí bí irun bèbí. Ó ní òun á mú àwọn tó máa tẹ́ ẹ wá, ọjọ́ kan ni wọ́n máa fi ṣe é.

"Daddy, ẹ ò ní ṣe wàhálà kankan mọ́. Kò nílò omi, kò nílò gígé. Òtútù ò lè mú un. Kò ní kú láéláé."

Mo ní, "Kí ni mo wá fẹ́ máa ṣe fún un?"

Mo fi koríko oníke náà bò ó lórí níbi tó ti ń pá. Mo ní ibẹ̀ ló ti wúlò. Ó kọ́kọ́ fẹ́ bínú, lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àtẹ̀gùn kíṣìnnì, ó sunkún, koríko náà ṣì wà lórí ẹ̀.

Mo jókòó tì í.

Máàṣì 20

Ọdún dé. Lẹ́yìn ìrun, Yaqub wá bá mi níbi tí mo ti ń wá bàtà mi. Ó ní òun rí oṣù lálẹ́ àná, lójú ara òun.

Mo ní, "A ti rí i ṣáájú."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní lálaalẹ́ ni òun ń tọrọ àforíjì fún oṣù tí òun rí níjọ́ náà, pé bí wọ́n bá sì tún bi òun lọ́la, òun á ní òun rí i. Ó bá mi wá bàtà náà. Ẹlòmíì ti wọ̀ ọ́ lọ.

Máàṣì 25

Mo san ààwẹ̀ ọjọ́ kan. Òjò rọ̀ títí.

Éépírì 4

Oòrùn yọ lónìí. Agnes ní koríko ti tó gé, kí n gbé abẹ ẹ̀rọ sókè dáadáa, kí n má gé e sún mọ́lẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kíní, kí n sì jẹ́ kó gbẹ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo mu tíì lẹ́nu ilẹ̀kùn títí ó fi gbẹ. Ó ti ga dé kókósẹ̀. Àyè bàtà àwọn tó wá kí wa ti bo ara wọn. Ipa táyà ṣì wà.

Kúbúrá ló máa ń gé koríko, láti ìgbà tí a ti dé ilé yìí. Bí mo bá ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ ni yóò ti máa pariwo láti kíṣìnnì, pé ṣé ọ̀nà oko ni mo ń là ni, pé iwájú ni kí n máa wò kì í ṣe ẹsẹ̀ mi.

Mo fa ẹ̀rọ jáde. Mo gé ìlà kìíní dé ọgbà, mo yí i padà. Ojú mi bọ́ sí gíláàsì. Sherifat ti dá àga padà sí ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà tẹ́lẹ̀. Mo dúró díẹ̀, ẹ̀rọ ń ké lọ́wọ́ mi, lẹ́yìn náà mo gé ìlà kejì. Nígbà tí mo dé ibi ipa táyà, mo gbé ẹ̀rọ kọjá lórí ẹ̀, mo gé eléyìí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gé ìyókù tán.

Mo pa ẹ̀rọ, mo wẹ̀yìn. Gbogbo ìlà tí mo gé ló wọ́ láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé ọgbà. Mo dúró sí àárín rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò sẹ́ni tó bú mi.